Ẹ Wá Àpótí Kiri ní Dorchester County

Ìràwọ̀ márùn-ún. Bí ẹ bá ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ní ọmọ tí kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn, ẹ gbé e lọ sí Dorchester County. Ẹ kọ́kọ́ gbé áàpù Geocaching, ti eré wíwá àpótí, sórí fóònù. Àwọn èèyàn ti fi àpótí kéékèèké pamọ́ káàkiri, GPS ni yóò júwe ibi tí ẹ máa wá wọn sí.

Agbègbè yìí ni wọ́n bí Harriet Tubman sí, ní nǹkan bí ọdún 1822: obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú, tó sì padà wá kó àwọn ẹrú mìíràn sá lọ sí òmìnira. Àpótí tí à ń wá ló mú wa gba ọ̀nà oko dé ìsọ̀ àtijọ́ tó wà ní Bucktown. Níbẹ̀ ni alábòójútó ẹrú kan ti ju irin ìwọ̀n, tó tó nǹkan bíi kílò kan, mọ́ ẹrú tó ń sá lọ. Harriet ló bà lórí. Ọgbẹ́ yẹn ló fa oorun òjijì tó ń gbé e lọ títí ó fi kú. Ọmọbìnrin mi dákẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọmọdé ni nígbà yẹn?" Ọmọdé ni.

Agolo kékeré la rí lẹ́yìn náà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ká ìwé sínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín, kí ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i gan-an.

Ẹ má fo ilé ìtàn Harriet ní Church Creek, tí wọ́n ṣí ní 2017. Ọ̀fẹ́ ni.

Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀, ẹ̀fọn pọ̀ jọjọ nígbà ooru: ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà máa ń ṣe ségesège, ẹ ti kó máàpù sórí fóònù láti ilé.