Láàbù tó kọ ohun tó bá lára mítà mi sílẹ̀

Agilent 34401A ni mítà tí mo gbé fún láàbù kan, mítà orí tábìlì tó ń wọn fóltì, iná àti òhmù, tí ojú rẹ̀ ń fi nọ́ńbà mẹ́fà àti àbọ̀ (6½ digit) hàn. Mo fún láàbù yìí ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí iṣẹ́ calibration (fífi mítà wé òdiwọ̀n tó dájú) fúnra rẹ̀, mẹ́ta lórí bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ìdí márùn-ún yẹn ni pé kí wọ́n tó tún ohunkóhun tò nínú rẹ̀, wọ́n kọ iye tí mítà náà ń kà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn sílẹ̀, ìpele ìwọ̀n (range) kọ̀ọ̀kan, láti fóltì dé òhmù.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Àwọn ẹ̀rọ tí mo ti fi mítà yìí wọ̀n láti ìgbà calibration tó kọjá ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Bí mítà bá ti yà kúrò lójú ìwọ̀n, tí láàbù wá tún un tò láìkọ ohun tó bá sílẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí mo ti gbé jáde péye? Ìdáhùn yẹn gan-an ni mò ń sanwó fún. Láàbù tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, sítíkà ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n kọ "ó yege" sí. Iye wo ni wọ́n rí? Kí ni wọ́n fi wé? Kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo ti 10 V DC. Ìlànà ẹni tó ṣe 34401A ni pé títí ọdún kan, àṣìṣe rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.0035% iye tó kà, àti 0.0005% ìpele náà. Tí a bá fi 10 V sí i, 350 µV àti 50 µV nìyẹn, ó di 400 µV. Tèmi ka 10.00011 V, ó fi 110 µV lé. Iyèméjì (uncertainty, ìyẹn bí ìwọ̀n tiwọn fúnra rẹ̀ ṣe lè yà tó) tí láàbù kọ sílẹ̀ jẹ́ 45 µV, nítorí náà ààlà mítà mi fẹ̀ ju iyèméjì wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ ó lé. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Láàbù tí iyèméjì rẹ̀ bá fẹ́ẹ̀ tó ààlà mítà tó ń yẹ̀ wò, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìpele 1 A ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ààlà rẹ̀ ní 1 A jẹ́ 1.1 mA, wọ́n sì bá àṣìṣe rẹ̀ ní 0.9 mA. Kò tíì kọjá ààlà, àmọ́ ó ti dé etí rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pè mí: "Ẹ káàsán sà. Ṣé kí n tún ìyẹn nìkan tò, àbí kí n tún gbogbo rẹ̀ tò?" Mo ní ìyẹn nìkan. Calibration jẹ́ fífi mítà wé òdiwọ̀n tó dájú, títún un tò sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ìpele tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, tí ìrìn rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀, mo fẹ́ràn kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 34401A ní òǹkà kan nínú tó máa ń lọ sókè nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un tò. Mo ka tèmi kó tó lọ, mo tún kà á nígbà tó dé: ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe nìkan ni wọ́n ṣe. Ẹ máa kà á, ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀.

Fluke 5730A, ẹ̀rọ tó ń pèsè fóltì àti iná tó dájú, ni wọ́n fi yẹ mítà mi wò, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ calibration tirẹ̀ wà lórí ìwé, pẹ̀lú ìwọ̀n ooru yàrá, 23 °C. Látibẹ̀ ni fífi òdiwọ̀n wé òdiwọ̀n ti lọ dé láàbù ìwọ̀n orílẹ̀-èdè, níbi tí Josephson junction, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n fóltì, ti ń sọ frequency di fóltì, 483597.8484 GHz sí fóltì kan láti 20 May 2019. Iye tí wọ́n ń lò láti 1990 títí di ìgbà yẹn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá yàtọ̀ síyẹn, èyí tó jẹ́ 1 µV péré nínú 10 V. Ojú 34401A kò tó o.

Mo gbà fún wọn lórí AC pẹ̀lú. Mítà yìí ń ka AC dé 300 kHz, ìwé àṣẹ ISO/IEC 17025 tiwọn (ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́rìí pé láàbù mọ iṣẹ́ rẹ̀) kò sì dé ibẹ̀. Wọ́n sàmì sí àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn odi àṣẹ náà, wọn ò fi bò.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ méjì: wọn kì í sọ iye mítà tó wà níwájú tìrẹ, àfi kí o máa pè. Àwòrán ìwé ni wọ́n sì fi ránṣẹ́, kì í ṣe fáìlì tí nọ́ńbà ṣeé dà sínú kọ̀ǹpútà, ni mo bá jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Láàbù tó ṣe irú iṣẹ́ yìí yẹ kó lè ṣe ìyẹn.

Fluke 87V, mítà ọwọ́ tí mò ń gbé kiri, mi ò ní kó o lọ bá wọn fún irú calibration tó ní àlàyé tó pọ̀ báyìí. Ìpéye fóltì DC rẹ̀ jẹ́ 0.05% àti ẹyọ kan lórí nọ́ńbà tó kẹ́yìn. 34401A yìí tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò fún iṣẹ́ tí mò ń fi ṣe. Àmọ́ tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá ń béèrè ìwé ISO/IEC 17025 fún gbogbo mítà tí ẹ lò, ẹ kó tiyín méjèèjì lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń gbé iṣẹ́ fún wọn pé ẹ fẹ́ iye tí wọ́n bá kí wọ́n tó tún un tò.