Arizona-Sonora Desert Museum: Ibi tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù nígbà tí mo ń bá wọn tọ́jú ajá ní Tucson

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi bá ẹbí kan tọ́jú ajá wọn ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, kò sí ibi tí ó wù mí bí ọgbà ẹranko àti ewéko aṣálẹ̀ yìí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1952. Ìta gbangba ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà kùtùkùtù ni kí ẹ lọ. Mo pẹ́ nínú ilé àwọn ẹyẹ hummingbird: ọ̀kan rà bàbà níwájú mi gan-an, ìyẹ́ rẹ̀ ń kùn bí oyin. Igi ẹlẹ́gùn-ún saguaro, tí ó sábà máa ń lò ju ọdún 50 lọ kí ó tó yọ apá, wà káàkiri. Wọn kì í jẹ́ kí a mú ajá wá ṣeré níbẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ilẹ̀ gbígbóná a máa jó wọn lẹ́sẹ̀.