AM àbí FM: èwo ló bá ilẹ̀ olókè wa mu?

Ọ̀nà méjì tí rédíò ń gbà gbé ohùn wá ni AM àti FM. Nílé bàbá mi àgbà ní Kàbbà, AM nìkan la mọ̀. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, Kwara la wà, Ìlọrin sì ni ìròyìn ti ń wá. Bí ohùn bá ti ń lọ sílẹ̀, bàbá á yí rédíò. Kì í ṣe bọ́tìnnì o, rédíò gan-an ni yóò máa yí lórí tábìlì títí ohùn á fi mọ́ gaara. Irin dúdú kan nínú rẹ̀ ló ń gba AM, ó sì ní ìhà tó fẹ́ kọjú sí.

FM dùn létí jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò ní purọ́. Ààrá kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Ṣùgbọ́n gbọọrọ ló ń rìn. Bí òkè bá ti dí i lọ́nà, ó parí. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìjùmú, nítòsí Kàbbà, mọ ohun tí mò ń wí. AM ní tirẹ̀ ń rá mọ́ ilẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, òfuurufú á dá a padà sílẹ̀ níbi tó jìn réré. A máa ń gbọ́ Faransé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́.

Owó ni AM ò rí. Òpó rẹ̀ ga, ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ iná bí ẹni jẹ̀bà. Deutschlandfunk, rédíò gbogbogbò ilẹ̀ Jámánì, pàápàá pa AM tirẹ̀ ní 2015. Fóònù tó ní rédíò, FM ló ń gbà.

Síbẹ̀, fún ẹni tó sùn sóko, AM ni màá mú. Ta ló máa ra díṣẹ́ẹ̀lì ni ìbéèrè.