Stun gun àti Taser: èwo ni aṣọ kò lè dí lọ́nà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ní Houston ra stun gun kan, ìyẹn ohun èlò kékeré tó ń fi iná mànàmáná ta ẹni tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ lára, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀ pé agbára rẹ̀ tó mílíọ̀nù 10 fóltì. Mo fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjì tó yọ lórí rẹ̀, kò pé sẹ̀ǹtímítà 4. Bẹ́ẹ̀ rèé, nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, nǹkan bíi 30,000 fóltì ni iná nílò kó tó lè fo sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo, èyí tó túmọ̀ sí pé iná tó bá tó mílíọ̀nù 10 fóltì ì bá fo ju mítà 3 lọ. Irọ́ ni wọ́n kọ sára páálí, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ yan ohun tí wọ́n fẹ́ fi dáàbò bo ara wọn.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹja òjìjí láàyè rí ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Iná gbọ́dọ̀ gba ojú kan wọ ara, kó la inú ẹran ara kọjá, kó sì gba ojú kejì jáde. Bí ojú méjèèjì bá sún mọ́ra, ìwọ̀nba ẹran díẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ni iná yóò gbà kọjá: yóò ta èèyàn gan-an, ṣùgbọ́n iṣan kò ní dì. Bí wọ́n bá jìnnà síra, iná yóò mú àwọn iṣan ńlá tó wà láàárín wọn, yóò sì máa pàṣẹ fún wọn ní ipò ọpọlọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà yóò gan, tí yóò sì ṣubú. Jíjìnnà ojú méjèèjì síra wọn ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe iye fóltì.

Irin méjì ti stun gun kò lè jìnnà síra, torí náà ìrora nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó di dandan kí ẹ sún mọ́ ẹni tó ń bá yín jà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, kí ẹ má sì tètè gbé e kúrò, èyí tí kò rọrùn bí onítọ̀hún bá ju yín lọ tàbí tó ti mutí yó. Ibí yìí sì ni aṣọ ti ń ṣe é léṣe jù lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò dá a dúró rárá, nítorí pé iná máa ń fo gba àárín òwú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá wọ kóòtù òtútù tó nípọn tàbí jákẹ́ẹ̀tì awọ lé súwẹ́tà, ọ̀nà tí iná máa gbà dé awọ ara lè gùn ju èyí tó wà láàárín irin méjèèjì lọ. Iná kì í wá ọ̀nà jíjìn: yóò máa fò láti irin kan sí èkejì, ẹ óò máa gbọ́ tá-tá-tá, ẹ óò máa rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ẹni tó wọ kóòtù kò sì ní mọ ohunkóhun lára.

Ti Taser yàtọ̀. Jack Cover, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló ṣe é, ó sì gba ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1974. Afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọ́n kì mọ́nú katiríìjì rẹ̀ ló máa ń ti ọfà kéékèèké méjì jáde, tí wáyà tín-ín-rín so mọ́ ìdí wọn, èyí tí wọ́n sì ń tà fún ará ìlú máa ń dé fóòtì 15. Bí àwọn ọfà náà ṣe ń lọ ni wọ́n ń jìnnà síra, nǹkan bíi fóòtì kan sí fóòtì 7 tí wọ́n bá rìn. Nínú X26, irú Taser kan tí àwọn ọlọ́pàá mọ̀ dáadáa, 50,000 fóltì ni iná fi ń fo àlàfo, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 1,200 ló ń dé ara, ní ìgbà 19 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kò pọn dandan kí ọfà wọ awọ ara. Iná rẹ̀ lè fo aṣọ tí àpapọ̀ sísanra rẹ̀ níhà ọfà méjèèjì tó ínǹṣì 2, nítorí náà kóòtù tó ń dí stun gun lọ́nà lè má dí i. Aṣọ tó ń fẹ̀ ló ń dà á láàmú ju èyí tó nípọn lọ. Ẹ wo agbádá: bí ọfà kan bá rọ̀ mọ́ apá rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní ìbú ọwọ́ kan sí ara, iná kò ní rí ọ̀nà, ọfà kejì kò sì lè dá ṣiṣẹ́. Aṣọ kan tún wà tí wọ́n fi fọ́nrán tó ń gbé iná tẹ́ nínú, irú bíi carbon tàbí aluminiomu. Kì í dí iná rárá, ńṣe ló ń fún un ní ọ̀nà tó rọrùn ju ara lọ. Síbẹ̀ ibi tó bá bò nìkan ló lè gbà. Bí ọfà méjèèjì bá bà sí ibi tí kò bò, irú bí itan, wọn yóò ṣiṣẹ́ wọn.

Ní ti owó, ẹ lè rí stun gun rà ní 20 dọ́là, Taser sì lè tó 400, yàtọ̀ sí katiríìjì tí a kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tó mú kí n gbà pé owó Taser tọ́ ni pé ti ará ìlú máa ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí ẹ lè gbé e sílẹ̀ kí ẹ sì sá lọ. Ẹ má ṣe lò èyíkéyìí nítòsí bẹntiróòlù, ẹ sì rántí pé ẹni tó gan lè fi orí gbálẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: ní Massachusetts, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ní ìlú Ọba, nítorí òfin ìbọn ọdún 1968 níbẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ní in lọ́wọ́, bí wọn kò tilẹ̀ lò ó.

Taser ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé báyìí. Àpò ìta kóòtù rẹ̀ ló ń fi sí, kì í ṣe inú báàgì, ó sì máa ń yẹ bátìrì rẹ̀ wò kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé.