Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n ní àwọn ti sọ di ojúlówó

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kẹ̀kẹ́ orí òkè tí owó rẹ̀ kò ga, ẹ fura sí àwọn oníṣòwò kan. Wọn a ra kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ní ilé ìtajà ńlá, irú èyí tí wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ àti àga ike, wọn a pààrọ̀ ẹ̀yà kan tàbí méjì lára rẹ̀, wọn a sì tún un tà ní ìlọ́po owó tí wọ́n rà á, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn pé kò sí òkè tí kò lè gùn, kò sì sí kòtò tí kò lè fò. N kò ní dárúkọ ẹni tó ta èyí tí wọ́n gbé wá fún mi yẹ̀ wò kẹ́yìn, nítorí pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ ẹ̀yìn tó ń gbé ṣéènì láti orí jíà kan bọ́ sórí òmíràn ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, torí pé ibẹ̀ ni ojú ẹni tó mọ díẹ̀ nípa kẹ̀kẹ́ máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọn a yọ Tourney tó bá a wá, ìyẹn èyí tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ lára àwọn tí ilé iṣẹ́ Shimano ń ṣe, wọn a fi Deore, tó ga jù ú lọ, sí i, wọn a ya fọ́tò rẹ̀ láti ìtòsí, wọn a sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìpolówó bí ẹni pé gbogbo kẹ̀kẹ́ náà ló ti di Deore. Bẹ́ẹ̀, ohun tí a fi ń yí jíà lọ́wọ́, apá irin tí pẹ́dà wà lára rẹ̀, bíréèkì, àti pàápàá họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn ibi àárín wíìlì tí sípóòkù kọ́ sí, ti tẹ́lẹ̀ náà ni.

Họ́ọ̀bù yìí gan-an ni wàhálà wà. Firíwíìlì ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń lò, ìyẹn odidi àkójọ jíà tí wọ́n yí mọ́ ara họ́ọ̀bù bí ìdérí ìgò. Nítorí àyè tí ó gbà, bẹ́rìnì apá ọ̀tún jìnnà sí ibi tí férémù ti di irin àárín wíìlì mú, irin náà a sì wà láìsí ohun tó gbé e ró níbi tí ìnira ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń fi rìn lórí ọ̀nà títẹ́jú lè má rí ìṣòro kankan, ṣùgbọ́n bí ẹni tó tóbi bá ń fi fo nǹkan, irin náà lè tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ jíà tí wọ́n ń kì bọ ara họ́ọ̀bù dípò kí wọ́n yí i mọ́ ọn, gbé bẹ́rìnì náà sún mọ́ etí férémù, ìdí nìyẹn tí ó fi lágbára jù ú lọ. Láti mọ èyí tó wà níbẹ̀, ẹ yí jíà ẹ̀yìn padà sẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tí irinṣẹ́ tí a fi ń tú u máa ń kọ́ sí láàárín rẹ̀: bí ibẹ̀ bá dúró nígbà tí eyín jíà ń yí, firíwíìlì ni, bí wọ́n bá jọ ń yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Oníṣòwò tó ń sọ pé ẹ lè fi jíà 11 tàbí 12 sórí firíwíìlì yẹn lọ́jọ́ iwájú kò sọ fún yín pé ẹ ó kọ́kọ́ ra odindi wíìlì ẹ̀yìn tuntun.

Fọ́ọ̀kì iwájú ni wọ́n tún máa ń fi sítíkà ilé iṣẹ́ olókìkí lẹ̀. Ẹ gbé ara lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì yára fi sílẹ̀. Bí ó bá ta padà sókè lójijì tó sì dún gbà, sípíríńgì lásán ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀, láìsí òróró tó ń dẹ ìtapadà náà. Bí wọ́n bá ní ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ wọn ọ̀pá rẹ̀ tó wọ inú férémù. Ọ̀pá tó ṣe gbọọrọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28.6 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń gbà, nígbà tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì tuntun tó dára máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi 38 ní ìsàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi fọ́ọ̀kì tó ga ju èyí tí wọ́n ṣe férémù fún lọ tàn yín, torí pé ó ń fi kún ìnira ọrùn férémù.

Bíréèkì díìsì tí wọ́n pè ní olóróró ń kọ́? Òróró inú páìpù ni irú rẹ̀ sábà máa ń lò dípò wáyà; bí ẹ bá rí wáyà tó hàn ní ìhòòhò lẹ́bàá díìsì, irọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ilé ìtajà ńlá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tó burú, bí a bá lò ó fún ohun tí ẹni tó ṣe é sọ; ìwé tó bá ọ̀pọ̀ wọn wá sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe fún fífò. Ní tèmi, táyà, pẹ́dà àti ìdìmú ọwọ́ nìkan ló yẹ láti náwó lé lórí, torí pé ẹ lè tú wọn sórí kẹ̀kẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù, èyí tó sábà máa ń wà lábẹ́ ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ tọ́jú ìpolówó náà àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, kí ẹ sì fi béèrè owó yín padà. Kí ẹ tó tún gun kẹ̀kẹ́ náà, ẹ rí i pé wọn kò kọ ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì síwájú, pé wọ́n di wíìlì iwájú mọ́ fọ́ọ̀kì dáadáa, àti pé pẹ́dà òsì, tó ń le bí a bá yí i sí apá òsì, kò tíì ba ojú ihò rẹ̀ jẹ́.