Òkúta tàbí Igi fún Ìrántí Létí Adágún Jabi

Bí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá bá fẹ́ ṣe ìrántí olóògbé létí adágún Jabi, tí ó jẹ́ omi tí ènìyàn fi ìsédò dá sílẹ̀, èwo ni kí wọ́n mú? Òkúta gíránáìtì gbówó lórí níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà kò béèrè ju kí a máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú lẹ́tà rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà, nítorí ilẹ̀ etí omi a máa rọ̀ lásìkò òjò, òkúta tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ a sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igi dọ̀ńgóyárò kò wọ́n, ó sì ní ibòji, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, a gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín, bí adágún tilẹ̀ wà nítòsí. Ẹgbẹ́ tí ó lówó ṣùgbọ́n tí kò ní alámòójútó, kí ó gbé òkúta kalẹ̀. Èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé nítòsí, igi ni mo rò pé ó bá a mu.