Balùwẹ̀, táìlì, páànù: ta ni kí ẹ gbé iṣẹ́ ilé fún l'Ékòó?

Bí balùwẹ̀ bá ń jò, tàbí tí táìlì pálọ̀ bá ń dún gbọ́ngbọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ará Èkó sábà máa ń gbà tún un ṣe. Ẹ lè pe bíríkìlà, pọ́ḿbà àti onítáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ra ọjà fúnra yín. Ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan, ọjà àti iṣẹ́. Ẹ sì lè lọ bá kọ́ńpìnì tó ní ọ́fíìsì. Iye tí kálukú wọn pè ló máa ń kọ́kọ́ fa ojú èèyàn, àmọ́ ìbéèrè méjì wà tó jù ú lọ: ọwọ́ ta ni owó ọjà máa wà? Ta ló máa dá yín lóhùn tí omi bá tún jò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

| | Oníṣẹ́ ọwọ́ | Agbaṣẹ́ṣe | Kọ́ńpìnì |
|---|---|---|---|
| Owó ọjà | Ọwọ́ yín | Ọwọ́ rẹ̀ | Ọwọ́ wọn, pẹ̀lú ìwé |
| Ibi tí ìjà ti ń wá | Onítáìlì á ní pọ́ḿbà ló bà á jẹ́, pọ́ḿbà á ní onítáìlì ni | Ọjà gbàrọgùdù, iṣẹ́ tó dúró lágbede méjì | Wọ́n lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì láìsọ fún yín |
| Ibi tó ti dára | Iṣẹ́ kan ṣoṣo: táìlì yàrá, ọ̀dà | Balùwẹ̀, kíṣìnì | Páànù gbogbo ilé |

Ìwé iye owó ni ẹ ti máa kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá lò. Ẹ mú yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ẹnì kan á kọ ìlà kan ṣoṣo: “táìlì yàrá, ọjà àti iṣẹ́,” á sì fi owó sídìí rẹ̀. Ẹnì kejì á kọ iye páálí, iye àpò sìmẹ́ǹtì, yanrìn, owó ẹrù àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni kejì yìí nìkan ni ẹ lè yẹ ìṣirò rẹ̀ wò. Yàrá náà jẹ́ nǹkan bíi sikúéà mítà 11.15. Ẹ fi 10% kún un nítorí gígé àti fífọ́, ó di 12.3. Páálí táìlì 60×60 (sẹ̀ǹtímítà) tó ní mẹ́rin nínú jẹ́ sikúéà mítà 1.44, nítorí náà páálí 9 ti tó. Tí wọ́n bá kọ 13, páálí mẹ́rin yẹn ní ibi tó ń lọ. Ó dára kí ẹ ra páálí kan kún un fún ọjọ́ iwájú, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe nígbà kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù, torí àwọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìgbà kan sí òmíì. Ilé yín ni kí páálí náà wà.

Fún owó ọjà, ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí agbaṣẹ́ṣe bá yín dé ọjà, ní Orílé bí àpẹẹrẹ, kó yan ohun tó fẹ́ lò, kí ẹ̀yin fúnra yín sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, kí rìsíìtì sì wà lórúkọ yín. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa ń fún oníṣẹ́ tó mú oníbàárà wá ní nǹkan, nítorí náà ẹ ti béèrè iye ọjà náà ní ṣọ́ọ̀bù méjì míì kí ẹ tó bá a lọ. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní bá yín lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ọjà méjì ni ojú lásán kì í sábà dá mọ̀. Àkọ́kọ́ ni wáyà iná. Iṣẹ́ gidi máa ń lo 1.5 mm fún gílóòbù, 2.5 mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán 4 mm fún AC. Ẹ gé orí wáyà náà, kí ẹ fi bíléèdì họ ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀. Tó bá pọ́n lóde, tó wá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó máa ń gbóná jù bàbà lọ, orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì ti ń jó. Èkejì ni páànù alumíníọ̀mù. Ẹni tó sanwó 0.55 mm lè gba 0.45 láìmọ̀, torí ọ̀dà kan náà ló wà lára méjèèjì. Máíkúrómítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, ló ń sọ òótọ́ níbẹ̀, kọ́ńpìnì tó dáa kì í sì í bínú tí ẹ bá mú un jáde.

Nínú balùwẹ̀ òkè, ibi tí páìpù ti gba inú dẹ́kìn kọjá ni omi sábà máa ń gbà sọ̀kalẹ̀, táìlì tí gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi ò mọwọ́mẹsẹ̀. Kí wọ́n tó lẹ táìlì kankan, kí wọ́n dí ihò omi, kí wọ́n da omi sílẹ̀ kó ga tó ìnṣì kan, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹnì kan sì máa wo àjà yàrá ìsàlẹ̀. Páìpù inú ògiri náà, kí wọ́n fi agbára ti omi sínú rẹ̀, pẹ̀lú gééjì tó ń fi agbára omi hàn, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Èyí ni ẹ máa fi pín owó iṣẹ́: 30% tí wọ́n bá ti fọ́ ti àtijọ́ kúrò, 30% tí omi bá dúró wákàtí 24 láìjò, 30% tí táìlì bá pé, kí 10% tó kù wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ń béèrè 70% lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ra ọjà, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ẹnu dùn ún ròfọ́, fọ́tò orí fóònù sì rọrùn láti yá lò. Ẹ ní kí oníṣẹ́ mú yín lọ wo iṣẹ́ tí òjò ọdún kan ti rọ̀ lé lórí, kí ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ kò sí nítòsí. Ti kọ́ńpìnì, ẹ wá orúkọ wọn lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n forúkọ sílẹ̀. Kò sọ bóyá wọ́n mọṣẹ́.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Láfíàjí, lọ́rì yanrìn kì í lè wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò, nítorí náà owó alábàárù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ògiri ilé àtijọ́ bá jẹ́ amọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun á fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ: ọ̀rinrin á há sínú, sìmẹ́ǹtì náà á sì ṣí bẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ní Sùúrùlérè tàbí Yábàá, ilé búlọ́ọ̀kù ló pọ̀, wàhálà yìí ò tó bẹ́ẹ̀.

Wíwó ògiri tàbí fífi òkè kan kún ilé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta yìí láìsí ẹnjiníà tó ní nọ́ńbà COREN (àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀) àti ìwé àṣẹ LASPPPA (àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní àṣẹ ilé kíkọ́). Ẹ rántí ilé tó wó ní Ìta Fàájì lóṣù kẹta ọdún 2019, tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀.

Ẹ kọ àdéhùn, kì báà jẹ́ ojú ìwé kan: ohun tí wọ́n máa ṣe, ọjọ́ tó máa parí, àti iye pàtó tí wọ́n máa dá padà tí kò bá parí. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, máa ń gbọ́ ti owó tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, ẹ sì lè sọ tẹnu yín láìgba lọ́yà. Owó tí iye rẹ̀ dájú ni wọ́n ń bá èèyàn gbà níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí iye yẹn wà nínú àdéhùn ní nọ́ńbà, kí ẹ̀yin àti oníṣẹ́ náà sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.